Ẹni Tí Ó Gboyè Òfin Kò Tíì Di Lọ́yà

Ní ọjọ́ tí Yunifásítì Ìbàdàn bá ń fi oyè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jáde, ọkọ̀ láti abúlé a máa kún ojú ọ̀nà Agbowó títí dé ẹnu ọ̀nà ńlá yunifásítì náà. Bàbá a wọ agbádá, ìyá a wé gèlè, àwọn ẹbí a sì yí ọmọ ká nínú aṣọ oyè rẹ̀ láti ya fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ òfin ni ọmọ náà kà, kí ilẹ̀ tó ṣú ni àwọn ará ilé yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Lọ́yà. Nígbà tí wọ́n bá padà dé abúlé, ẹni tí ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ yóò ti gbé àpò ìwé rẹ̀ wá, ẹni tí ó fẹ́ ta oko kòkó yóò sì ní kí Lọ́yà bá òun kọ ìwé.

Ayọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì di agbẹjọ́rò ní ojú òfin. Oyè tí yunifásítì fi fún un jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti fi ọdún márùn-ún kọ́ nípa òfin. Kò fún un ní àṣẹ láti dúró níwájú adájọ́ gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un ní àṣẹ láti fi ọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti rú òfin, iṣẹ́ tí ó ṣe fún ará abúlé rẹ̀ sì lè di asán. Ní ọdún 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ìwé ẹjọ́ kan nù nítorí pé orúkọ ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í ṣe orúkọ ènìyàn kan pàtó tí ó wà nínú ìwé orúkọ náà. Bí wọ́n bá lè da ìwé ọ́fíìsì àgbà agbẹjọ́rò nù, èwo ni ti ọmọ tí kò tíì ṣe ìdánwò?

Ohun tí ó wà láàrin oyè yunifásítì àti aṣọ agbẹjọ́rò ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Law School, àti ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe ní òpin rẹ̀. Ìdánwò yìí a máa ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù ju gbogbo èyí tí ó ti ṣe rí lọ. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ ohun tí ó jẹ́, kí wọ́n sì mọ irú ìwé àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ wọn nílò fún un. Owó púpọ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ń ná sí ohun tí kò ní ìwúlò, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó wúlò sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ètò yìí kò tíì pẹ́ títí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di 1962, ìlú London ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò ń lọ, láti wọ ọ̀kan nínú ilé mẹ́rin tí àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní níbẹ̀, èyí tí orúkọ wọn ń jẹ́ Lincoln's Inn, Inner Temple, Middle Temple àti Gray's Inn. Ọ̀nà yìí ni Christopher Sapara Williams, tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà, gbà di agbẹjọ́rò ní ọdún 1879, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà. Ó lọ ní ọdún 1944, ó di agbẹjọ́rò ní 1946, ó sì padà wá sí Ìbàdàn láti máa ṣe iṣẹ́ náà.

Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìṣòro ọ̀nà London. Ẹni tí ó kàwé níbẹ̀ mọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dunjú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí ó sọ ilẹ̀ di ti ẹbí nílẹ̀ Yorùbá, tàbí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí á pín ogún ní ìdí-igi, ní iye àwọn ìyàwó tí olóògbé fi sílẹ̀, àti kí á pín in ní orí-ò-jorí, ní iye àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1962 gan-an ni ilé-ẹjọ́ Privy Council ní London dá ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ẹjọ́ ogún ẹbí kan ní Èkó, tí wọ́n sì gbà pé ìdí-igi jẹ́ àṣà Yorùbá tí òfin fọwọ́ sí. Àwọn adájọ́ tí ó jókòó sí ibi tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ bí ọmọ ìyá méjì ní Èkó yóò ṣe pín ilé bàbá wọn. Ìṣòro kejì ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń jókòó sí ọ́fíìsì kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún. Ní Nàìjíríà, ẹnì kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti London dé mọ ọ̀rọ̀ í sọ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ bí a ti ń kọ ìwé ilẹ̀.

Nítorí náà ni ìjọba ṣe yan ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1959, tí Unsworth, tí ó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kí Nàìjíríà máa kọ́ àwọn agbẹjọ́rò tirẹ̀: kí yunifásítì kọ́ wọn ní ìmọ̀ òfin, kí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òfin tí ó fi èyí lélẹ̀ jáde ní 1962. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí ìlẹ̀kùn ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré. Láti ọdún 1997, Bwari lẹ́bàá Àbújá ni olú ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, ó sì ti ní ẹ̀ka ní Èkó, Kánò, Agbani ní Ìpínlẹ̀ Enugu, Yola, Yenagoa àti Port Harcourt.

Kò sí ẹ̀ka kankan ní Ìbàdàn, èyí sì ya àwọn ènìyàn kan lẹ́nu, nítorí pé ìlú náà ní ọwọ́ nínú ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ẹ̀kọ́ òfin sì wà lára ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òfin ní 1981, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ka ńlá tí ó dá dúró ní 1984. Lónìí, Yunifásítì Lead City, tí ó wà ní apá Toll Gate bí ènìyàn bá ti Challenge kọjá, ń kọ́ òfin pẹ̀lú. Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Law School. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà lọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ẹ̀kọ́ òfin ni ó ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún, èyí sì máa ń mú kí àwọn kan dúró fún oṣù púpọ̀ kí ó tó kàn wọ́n.

Ìgbà ìdúró yìí ni ìgbà tí ọmọ ń ṣòfò jùlọ. Ó ti kúrò ní yunifásítì, kò tíì dé Law School. Àwọn ará ilé rò pé ó ti parí ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń wojú rẹ̀ fún owó. Òun náà ń tijú láti sọ pé òun kò tíì di ohun tí wọ́n ń pè òun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá lo ìgbà yìí dáadáa kì í bá ẹ̀kọ́ Law School gẹ́gẹ́ bí àlejò, nítorí pé ẹ̀kọ́ náà ń sáré, oṣù díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kó gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò lé lórí: bí a ti ń gba ẹjọ́ láàrin ènìyàn méjì rò, bí a ti ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò, iṣẹ́ ìwé ilẹ̀ àti dúkìá, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti kọ́ńpìnnì, àti ìwà tí ó yẹ agbẹjọ́rò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ náà ti jẹ́ pé ipò tí ó kéré jùlọ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà nínú ẹ̀kọ́ márààrún ni ipò tí wọn yóò fún un. Bí ó bá ṣe dáadáa gidigidi nínú mẹ́rin, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nínú ìkarùn-ún, ìkarùn-ún náà ni yóò dárúkọ rẹ̀. Ìlànà líle ni, àwọn agbẹjọ́rò pàápàá sì ti bá a wí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí á mọ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi lè yan èyí tí ó wù ú láti kà.

Wọn kì í béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀. Ìtàn ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí kò mọ̀wé fẹ́ ta apá kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún oníṣòwò kan. Ìyàwó méjì ni ó ní, àwọn ọmọ sì wà nídìí ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò náà fẹ́ fi ilẹ̀ náà yá owó ní báǹkì. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ta ilẹ̀ náà, ta ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àṣẹ wo ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ gómìnà lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, kí ó sì jókòó kọ ìwé náà jáde ní kíkún gẹ́gẹ́ bí ẹni pé bàbá náà wà níwájú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ó gbọ́dọ̀ rántí gbólóhùn kan pé wọ́n ka ìwé náà sí etí bàbá, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè Yorùbá, àti pé ó hàn gbangba pé ó yé e kí ó tó tẹ ìka. Òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ni ó bí gbólóhùn náà. Òfin yìí kan náà ní kí ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé èyí sọ máàkì nù nínú ìdánwò. Bí ó bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó di lọ́yà, bàbá arúgbó náà ni yóò sọ ilẹ̀ nù.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni òfin fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣòfin ti kọ ọ́, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti yunifásítì jáde ti ka ìwé olùkọ́ nípa òfin ẹ̀rí láì ṣí òfin ẹ̀rí náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ìwé pẹlẹbẹ ni àwọn òfin wọ̀nyí, owó wọn kò sì tó ti ìwé ńlá. A tún ń rí ọ̀pọ̀ wọn kà ní ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Policy and Legal Advocacy Centre, ní Àbújá, ti gbé àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ sí ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́.

Òfin a máa yí padà, ibí yìí sì ni owó àwọn òbí ti ń ṣòfò jùlọ. Ní àwọn ibi tí a ti ń ta ìwé àlòkù káàkiri ìlú, ènìyàn lè rí ìwé òfin tí ó nípọn bí búrẹ́dì ní owó pọ́ọ́kú. Bàbá a rà á pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ ń lò nísinsìnyí jáde ní 2011, wọ́n sì tún fi kún un ní 2023. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò lè sọ bí a ti ń gba ẹ̀rí tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Òfin kọ́ńpìnnì jáde ní ọ̀tun ní 2020. Lábẹ́ ti 1990, ènìyàn méjì ni ó kéré jù tí ó lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Lábẹ́ ti tuntun, ẹnì kan tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìwé àlòkù dáhùn pé méjì ni, ohun tí ó tọ́ nígbà kan ni ó sọ, yóò sì pàdánù máàkì. Òfin bí a ti ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò yí padà ní 2015 fún ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń ṣe tiwọn tẹ̀lé e. Kí òbí tó sanwó, kí ó ṣí ewé àkọ́kọ́ ìwé wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá lè ka nọ́ńbà lè ṣe èyí fún ọmọ rẹ̀.

Èyí kò sọ pé gbogbo ìwé àtijọ́ ni ó ti kú. Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ púpọ̀ nínú ìwé òfin tí gbogbo Nàìjíríà ń kà, ní ilé-iṣẹ́ Spectrum tí ó wà ní Ring Road. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tún ìwé Obilade lórí ètò òfin Nàìjíríà tẹ̀, ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1979. Ìdí òfin kì í yí padà bí ẹ̀ka rẹ̀, ìwé bẹ́ẹ̀ sì lè lani lóye. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn máa rántí pé òun kà á láti lóye ni, kí ó sì fi òfin tuntun dáhùn ìbéèrè.

Ohun kejì ni àkójọ ìdájọ́. Adájọ́ a máa wo ohun tí àwọn adájọ́ tí ó ga jù ú ti sọ, nítorí náà ìdájọ́ àná ni òfin òní. Ní ọdún 1985, Gàní Fáwẹ̀hìnmí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdájọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ gíga jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé tí a mọ̀ sí Nigerian Weekly Law Reports, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò àti adájọ́ ń gbé lọ́wọ́ títí di òní. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ra gbogbo rẹ̀, nítorí ó ti kún yàrá. Kíkà rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá ibi tí yóò ti ṣe é.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìwúlò rẹ̀ hàn. Ní ọdún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ báǹkì Savannah àti Ajilo. Ajilo fi ilé dúró láti yá owó ní báǹkì, wọn kò sì gba àṣẹ gómìnà. Nígbà tí ó di pé báǹkì fẹ́ ta ilé náà, òun tí ó jẹ gbèsè ni ó lọ sí kóòtù pé ìwé tí òun fọwọ́ sí kò bá òfin mu. Ilé-ẹjọ́ ní òótọ́ ni, ìwé náà sì di asán. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹni tí ó jẹ gbèsè fi ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ jèrè, ṣùgbọ́n ohun tí òfin sọ ni wọ́n tẹ̀lé. Ní 1995, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Awojugbagbe àti Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé ènìyàn lè fọwọ́ sí ìwé kí àṣẹ gómìnà tó dé, níwọ̀n bí àṣẹ náà yóò ti dé kí ọ̀rọ̀ náà tó di odindi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ti 1989 nìkan mọ ìdajì ọ̀nà.

Ibo ni ọmọ tí ó wà ní Ìbàdàn yóò ti ka gbogbo èyí? Ilé ìkàwé Kenneth Dike wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ gíwá yunifásítì náà pè, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin sì ní ibi ìkàwé tirẹ̀. Ẹni tí ó ti jáde kò gbọdọ̀ rò pé ìlẹ̀kùn ti sé mọ́ òun. Kí ó bi àwọn alábòójútó léèrè ohun tí yóò ṣe kí ó tó lè wọlé. Lẹ́yìn èyí ni ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò, tí ó wà ní Bódìjà, ní Ring Road àti ní àyíká Dùgbẹ̀ lẹ́bàá Ilé Kòkó. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà agbẹjọ́rò ni wọ́n ń gba ọmọ tí ń dúró de Law School láàyè láti wá máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kì í tó nǹkan, ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń to fáìlì, tí ó ń wá ìdájọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ nínú àkójọ, tí ó sì ń rí bí wọ́n ti ń kọ ìwé ilẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ibi ìfọwọ́sí, ohun tí wọn yóò bi í nínú ìdánwò ni ó ń ṣe lójoojúmọ́. Òbí tí ó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá iṣẹ́ tí ń mówó wọlé kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibì kan tún wà tí kò gba kọ́bọ̀, tí ọ̀pọ̀ kò sì lò. Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 sọ pé ní gbangba ni kí ilé-ẹjọ́ máa jókòó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọṣọ dáadáa, tí ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, lè wọ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road tàbí kóòtù àwọn májísíréètì ní Ìyágankú, tí kò jìnnà sí Dùgbẹ̀, kí ó jókòó sẹ́yìn, kí ó máa wò. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí bí a ti ń béèrè fún ìdúró ẹlẹ́jọ́, bí a ti ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, àti bí agbẹjọ́rò tí kò múra sílẹ̀ ti ń làágùn níwájú adájọ́. Law School fúnra rẹ̀ mọ ìwúlò èyí, nítorí pé ó ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí kóòtù àti sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí ó ti ń lọ láti ilé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí adájọ́ ń jókòó sí.

Ní Agbowó, ní ọ̀kánkán yunifásítì, àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé pọ̀ ní ojú ọ̀nà. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tí ó ti kọjá dára púpọ̀, nítorí ó ń fi irú ìtàn tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹnì kan kọ sí ìdí ìbéèrè náà, tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí ọdún tí ó kọ ọ́, ewu ni. Ohun tí ó dára ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó pọ̀, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan láàrin àkókò tí wọ́n dá, kí wọ́n sì gba ìwé ara wọn yẹ̀ wò pẹ̀lú òfin níwájú wọn. Ẹni tí ó ń fi ojú nìkan kàwé a máa rò pé òun mọ̀ ọ́n, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ó kọ ọ́.

Fóònù náà ti di olùkọ́ fún ọ̀pọ̀. Àkójọ ìdájọ́ wà lórí ẹ̀rọ nísinsìnyí, irú èyí tí LawPavilion ń tà fún àwọn agbẹjọ́rò, ó sì yára láti wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ju kí á máa ṣí ìwé lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tí ènìyàn lè bi ní ìbéèrè, tí wọn yóò sì kọ ìdáhùn bí ènìyàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, adájọ́ kan bu owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lé agbẹjọ́rò méjì àti ọ́fíìsì wọn, nítorí pé wọ́n kó ìdájọ́ tí kò sí níbì kankan wá sí kóòtù. Ẹ̀rọ ni ó hun àwọn ẹjọ́ náà, tòun ti orúkọ àwọn tí ó pe ara wọn lẹ́jọ́, àwọn agbẹjọ́rò náà kò sì ṣí ìwé wò. Bí agbẹjọ́rò tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bá lè kó sí irú kòtò bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò tíì ṣe ìdánwò ní láti ka ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan ní orísun rẹ̀.

Ọmọ abúlé tí ó bá ń bẹ̀rù pé òun kò ní ẹni tí yóò kọ́ òun lè wo Olóyè Afẹ́ Babalọlá. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ láti Wolsey Hall ní ìlú Oxford ni ó fi kàwé. Ó gba oyè Yunifásítì London nínú ètò ọrọ̀-ajé ní 1959, ó gba ti òfin ní 1963, ó sì di agbẹjọ́rò ní London ní ọdún kan náà. Ìbàdàn ni ó padà sí, ibẹ̀ ni ó ti dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà tí ń gba orí omi kọjá ni olùkọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí pé ti ọkùnrin nìkan ni iṣẹ́ yìí: obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di àgbà agbẹjọ́rò Nàìjíríà, SAN, ní ọdún 1981, ni Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, agbẹjọ́rò ní ìlú Ìbàdàn.

Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, ẹni tí kò yege ní láti tún un ṣe, kì í sì í ṣe òpin ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dun ilé. Ẹni tí ó yege yóò lọ sí Àbújá. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà adájọ́ àti àgbà agbẹjọ́rò tí a ń pè ní Body of Benchers ni yóò gbà á wọlé, nínú wíìgì funfun àti aṣọ dúdú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí wọn yóò sì fún un ní nọ́ńbà. Láti ọjọ́ náà ni ó lè fọwọ́ sí ìwé fún bàbá arúgbó tí ó fẹ́ ta ilẹ̀. Láti ọdún 2015, Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdìdì alálẹ̀mọ́ tí orúkọ àti nọ́ńbà olúkúlùkù wà lára rẹ̀. Ará abúlé tí wọ́n bá gbé ìwé wá fún láti tẹ ìka lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi èdìdì náà han òun.